Bí A Ṣe Ń Ṣètò Ọjà Ilé Kí Owó àti Àkókò Má Baà Ṣòfò

Ọjà ilé kì í tán. Ẹ rà á lónìí, ilé jẹ ẹ́, kí ọ̀sẹ̀ tó yí po ẹ tún ti gbé àpò. Torí pé ó ti di ohun ojoojúmọ́, a kì í jókòó rò ó bí a ṣe ń ro owó ilé tàbí owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ, bẹ́ẹ̀ ó wà lára ohun tó ń gbé owó lọ jù lọ nínú ilé. Díẹ̀díẹ̀ ni eku ń jawọ.

Ọ̀nà mẹ́ta ni owó ọjà máa ń gbà ṣòfò. Àkọ́kọ́ ni oúnjẹ tó bàjẹ́ kí ẹnu tó kàn án. Ìkejì ni ohun tí a rà nígbà tí irú rẹ̀ ṣì wà nílé, tàbí tí a rà kìkì nítorí pé ojú wa rí i. Ìkẹta ni lílọ-bíbọ̀ kéékèèké: ẹ ní ẹ fẹ́ lọ ra iyọ̀, ẹ kó ohun mẹ́rin mìíràn bọ̀, owó ọkọ̀ ti lọ, wákàtí kan sì ti bá a lọ. Èyí àkọ́kọ́ ló burú jù lójú mi, torí pé ẹ sanwó oúnjẹ yẹn tán, ẹ gbé e wálé, ẹ fi iná tù ú nínú fíríìjì, ẹ wá fi ọwọ́ ara yín gbé e sọnù. Lọ́dún 2024, UNEP, ìyẹn ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, gbé ìròyìn jáde pé oúnjẹ tó ṣòfò káàkiri ayé lọ́dún 2022 tó tọ́ọ̀nù bílíọ̀nù 1.05, tòun ti èèpo àti eegun tí kò ṣeé jẹ. Ìpín 60 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ló jẹ́ pé inú ilé ló ti wá, kì í ṣe ilé oúnjẹ, kì í sì ṣe ṣọ́ọ̀bù. Bí a bá pín ti inú ilé yìí nìkan fún gbogbo ènìyàn tó wà láyé, ó jẹ́ nǹkan bíi kílò 79 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan láàárín ọdún kan.

Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé inú ilé ni a ti ń dá òfò owó ọjà dúró, kí a tó dé ọ̀dọ̀ ọlọ́jà rárá. Ẹni tó mọ nájà dáadáa ṣùgbọ́n tí kò mọ iye tí ilé rẹ̀ ń jẹ yóò máa ra ọ̀pọ̀, yóò sì máa dà á nù. Ètò tí mo fẹ́ là sílẹ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìdáná, ibẹ̀ náà ni yóò sì parí sí.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ tú ilé ìdáná wò

Ẹ ya wákàtí kan tàbí méjì sọ́tọ̀ lọ́jọ́ tí ọwọ́ bá dilẹ̀. Ẹ kó gbogbo ohun tó wà nínú kọbọ́ọ̀dù, nínú fíríìjì, nínú fírísà àti ní gbogbo kọ̀rọ̀ tí ẹ ń kó oúnjẹ sí jáde, kí ojú lè rí wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ó rí ọ̀rá iyọ̀ mẹ́ta tí wọ́n ti já gbogbo wọn. Ẹ ó rí agolo tó ti fara pamọ́ sẹ́yìn láti ìgbà tí ẹ ti gbàgbé rẹ̀. Ó sì ṣeé ṣe kí ẹ rí ohun tí ẹ ti ń múra láti lọ rà lọ́la.

Ẹ pín ohun tí ẹ rí sí ọ̀nà mẹ́ta: èyí tó ṣì dára dáadáa, èyí tó yẹ kí a tètè jẹ, àti èyí tó ti bàjẹ́. Èyí tó yẹ kí a tètè jẹ ni kí ẹ kó sínú apẹ̀rẹ̀ kan lọ́tọ̀, níwájú, níbi tí ẹni tó bá fẹ́ dáná yóò ti kọ́kọ́ rí i. Agolo tó bá wú, tó ń jò, tàbí tí ojú ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ pọ̀ bá ti tẹ̀ wọnú, ẹ má ṣe tọ́ ọ wò rárá. Ẹ gbé e jù nù.

Ẹ fara balẹ̀ ka ọjọ́ tí wọ́n kọ sára páálí, torí pé oríṣi méjì ló wà, wọn kì í sì í ṣe ohun kan náà. Níbi tí wọ́n bá kọ "Use by" sí, ọ̀rọ̀ ìlera ni: ẹ má jẹ ẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ náà, bó tilẹ̀ ń ta sánsán. Ẹran, ẹja àti wàrà ló sábà máa ń ní in. Níbi tí wọ́n bá kọ "Best before" sí, adùn àti bí ó ṣe rí lẹ́nu ni wọ́n ń sọ: ìrẹsì, bisikíìtì tàbí ohun inú agolo tó kọjá ọjọ́ yẹn lè má dùn tó ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tọ́jú rẹ̀ dáadáa, tí kò sì yí padà lójú tàbí lóòórùn, ó ṣì ṣeé jẹ. Nítorí àìmọ̀ ìyàtọ̀ méjì yìí, ọ̀pọ̀ oúnjẹ tí kò ní ẹ̀ṣẹ̀ ni à ń kó dà sílẹ̀.

Lẹ́ẹ̀kan ni ẹ ó ṣe títú ńlá yìí. Lẹ́yìn náà, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ ọjà ti tó.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ mọ iye tí ilé yín ń jẹ

Ìgbésẹ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò, òun sì ni gbogbo ètò tó kù dúró lé lórí. Béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni pé kílò ìrẹsì mélòó ni ilé rẹ̀ ń jẹ lóṣù, yóò ní "bíi àpò kan" tàbí "ó dá lórí ẹ." Kò dá lórí nǹkan kan. Ilé kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n tirẹ̀, ìwọ̀n náà kì í sì í yí padà púpọ̀ láti oṣù dé oṣù, àfi bí àlejò bá dé tàbí tí ẹnì kan bá rìnrìn àjò.

Ọ̀nà tí ẹ ó fi mọ̀ ọ́n kò le. Ẹ fi bírò kan sínú kọbọ́ọ̀dù. Ọjọ́ tí ẹ bá já nǹkan tuntun, ẹ kọ ọjọ́ náà sára rẹ̀. Ọjọ́ tó bá tán, ẹ wo iye ọjọ́ tó gbà, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Ká ní ẹ já ìrẹsì kílò 5 lọ́jọ́ kìíní oṣù, tí ó sì tán lẹ́yìn ọjọ́ 20. Ẹ fi 20 pín 5: ilé yín ń jẹ kílò 0.25 lóòjọ́. Fún oṣù ọlọ́gbọ̀n ọjọ́, kílò 7.5 ni ẹ nílò. Bí ẹ bá ń ra kílò 10 lóṣooṣù, ẹ ti mọ ibi tí owó ń dì sí.

Láti inú èyí náà ni ẹ ó ti mọ ìgbà tó yẹ kí ẹ tún nǹkan rà, kí ó má baà tán mọ́ yín lọ́wọ́ lálẹ́ ọjọ́ kan tí ẹ ó fi máa sáré jáde. Ẹ jẹ́ ká lo òróró. Ká ní lítà 5 gbà yín ní ọjọ́ 40. Ìyẹn jẹ́ mílílítà 125 lóòjọ́. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni ẹ ń lọ sọ́jà ńlá, láàárín ọjà kan sí èkejì ẹ ó lo lítà 1.75. Ẹ fi ọjọ́ mẹ́ta kún un nítorí ohun tí a kò rò tẹ́lẹ̀, ó di nǹkan bíi lítà 2.1. Nítorí náà, ní alẹ́ tó ṣáájú ọjà, bí òróró tó kù kò bá tó lítà méjì àti díẹ̀, ó wọ lísìtì. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ lè fi àmì sára ìgò náà, kí ọmọ kékeré pàápàá lè wò ó kó sọ fún yín.

Ẹ má ṣe gbìyànjú láti wọn gbogbo nǹkan. Ohun mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó ń gba owó jù ni kí ẹ wọ̀n: ìrẹsì, ẹ̀wà, ìyẹ̀fun, òróró, ṣúgà, wàrà, ẹyin, ẹran, ẹja, ọṣẹ ìfọṣọ, ọṣẹ ìfọwọ́, pépà ìnùdí, àti ohun ti ọmọ bí ọmọ bá wà nílé. Lẹ́yìn oṣù méjì, ẹ ó ti ní ìwé kan tí kò sí nínú ilé ẹlòmíràn, torí pé ti ilé yín nìkan ni.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ yan ọjọ́ fún oríṣi ọjà kọ̀ọ̀kan

Kì í ṣe gbogbo nǹkan ló yẹ ká máa rà lọ́jọ́ kan náà. Ohun tó ń pẹ́, irú bí oúnjẹ gbígbẹ, ohun inú agolo, òróró, iyọ̀ àti ọṣẹ, ẹ lè rà lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Èyí tó ń lo ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta, irú bí ẹyin, àlùbọ́sà, pòtétò àti ẹran tí ẹ fẹ́ gbé sí fírísà, ẹ lè rà lọ́sẹ̀ tàbí lọ́sẹ̀ méjì. Ẹ̀fọ́, èso rírọ̀ àti búrẹ́dì kò ní sùúrù, díẹ̀díẹ̀ ni à ń rà wọ́n.

Ilé tó ní fírísà tó ń ṣiṣẹ́ déédéé lè fi ọjà ńlá kan lóṣù àti ọjà kékeré kan lọ́sẹ̀ gbé e. Ilé tí kò ní, tàbí tí iná kì í dúró níbẹ̀, yóò máa lọ ra ohun tútù lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀, bí ó bá ṣáà jẹ́ pé ohun tútù nìkan ni wọ́n bá lọ, tí wọn kò ní tún máa ra ṣúgà àti ọṣẹ lẹ́yọ-lẹ́yọ.

Ẹ yan ọjọ́ kan pàtó, kí gbogbo ilé mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá lè rí ààyè, àárọ̀ kùtù ọjọ́ tí kì í ṣe òpin ọ̀sẹ̀ ló dára jù. Èrò kò pọ̀, ẹ ó ráyè ka ohun tó wà lára páálí, ẹ kò sì ní dúró lórí ìlà títí. Ó sì yẹ kí ọjọ́ náà jẹ́ ọjọ́ tí ẹ ó ní àyè láti tọ́jú ohun tí ẹ bá kó wálé. Ẹni tó ra ẹran púpọ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ti rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu yóò fẹ́ jẹ́ kó di àárọ̀, ẹran kì í sì í dúró de àárọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ gbèrò oúnjẹ, ṣùgbọ́n ẹ má há a mọ́ra

Àwọn kan máa ń ní kí ẹ kọ oúnjẹ mọ́kànlélógún sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, àárọ̀, ọ̀sán, alẹ́. Èmi kò fara mọ́ ọn. Ìgbésí ayé kì í tẹ̀ lé irú ìwé bẹ́ẹ̀: ẹnì kan á pẹ́ níbi iṣẹ́, ọmọ á ní òun kò jẹun, wọ́n á fi oúnjẹ ránṣẹ́ sí yín. Kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé, ìwé ti já, èèyàn á sì pa gbogbo rẹ̀ tì.

Oúnjẹ alẹ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún ni kí ẹ rò. Oúnjẹ àárọ̀ sábà máa ń jọra, kò nílò ìrònú púpọ̀. Ẹ fi alẹ́ kan sílẹ̀ fún oúnjẹ àjẹkù, kí ẹ sì fi èyí tó kù sílẹ̀ fún ohun tí ọjọ́ bá gbé wá. Ìbéèrè àkọ́kọ́ nígbà tí ẹ bá ń gbèrò ni pé kí ló wà nílé tó fẹ́ bàjẹ́, inú apẹ̀rẹ̀ "tètè jẹ" lẹ ó sì ti rí èsì. Lẹ́yìn èyí ni ẹ ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ro ohun tó wù yín.

Ẹ tún to oúnjẹ náà bí nǹkan ṣe ń bàjẹ́ sí. Ẹ̀fọ́ àti ẹja tútù lọ́jọ́ kìíní àti ìkejì ọjà, ohun tó le díẹ̀ bíi kárọ́ọ̀tì àti kábéèjì láàárín ọ̀sẹ̀, ẹ̀wà tàbí ohun inú agolo ní ìparí rẹ̀. Ẹ sì jẹ́ kí èròjà kan ṣiṣẹ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Bí ẹ bá fẹ́ ra ìdì ẹ̀fọ́ ńlá kan fún oúnjẹ kan ṣoṣo, ẹ ti mọ̀ pé ìdajì rẹ̀ yóò rọ. Ẹ wá oúnjẹ kejì fún un kí ẹ tó kọ ọ́ sí lísìtì, tàbí kí ẹ ra ìdajì.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ dá owó ọjà dúró lọ́tọ̀

Ẹ kó risíìtì tàbí àkọsílẹ̀ oṣù kan jọ, kí ẹ mọ iye tí ẹ ń ná gan-an, kì í ṣe iye tí ẹ rò pé ẹ ń ná. Lẹ́yìn náà, ẹ ya owó náà sọ́tọ̀ lọ́jọ́ tí owó bá wọlé, kí ẹ pín in sí mẹ́ta: ti ọjà oṣù, ti ọjà ọ̀sẹ̀, àti díẹ̀ tí ẹ ó fi dúró de ìgbà tí ohun tí ẹ ń lò déédéé bá dínwó. Èyí tó kẹ́yìn ni àwọn èèyàn kì í ní, òun ló sì ń jẹ́ kí ẹni tó ní in ra ohun gbígbẹ nígbà tó pọ̀ lọ́jà, kó má baà rà á nígbà tó wọ́n.

Mo mọ̀ pé ẹni tó ń gba owó lójoojúmọ́, tó sì ń ná an lójoojúmọ́, kò lè jí lọ́jọ́ kan kó ra àpò. Kì í ṣe àìmọ̀ ló ń jẹ́ kó máa ra díẹ̀díẹ̀. Ọ̀nà tó ṣiṣẹ́ ni kí ó mú ohun kan ṣoṣo lọ́sẹ̀ kan, kí ó ra ìwọ̀n tó tóbi díẹ̀ ju èyí tó máa ń rà tẹ́lẹ̀, kí ó sì fi owó tó bá ṣẹ́kù lórí ìyẹn bẹ̀rẹ̀ òmíràn lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Bí ó bá sì ní aládùúgbò tàbí ẹbí tí wọ́n lè jọ ra àpò kan kí wọ́n pín in, kí wọ́n fi òṣùwọ̀n pín in lójú ara wọn, kí ọ̀rọ̀ má baà dìjà.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Lísìtì tó ń ṣiṣẹ́

Lísìtì tó kàn sọ pé "ìrẹsì, ẹran, ẹ̀fọ́" kò ṣe nǹkan kan. Ẹ kọ iye tàbí ìwọ̀n síwájú ohun kọ̀ọ̀kan: ẹran kílò 1.5, ẹyin 24, àlùbọ́sà kílò 1. Ẹ to ó bí ọjà tàbí ṣọ́ọ̀bù yín ṣe rí, kí ẹ má baà máa yí po, nítorí gbogbo ìgbà tí ẹ bá tún ibì kan gbà kọjá ni ojú yín yóò tún rí ohun mìíràn tó wù yín. Ẹ jẹ́ kí ìwé kan wà lára ilẹ̀kùn fíríìjì, tàbí kí ẹ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ lórí WhatsApp fún gbogbo ilé. Ẹni tó bá lo nǹkan tán ni kó kọ ọ́ síbẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Kí ẹ tó jáde, ẹ ya àwòrán inú fíríìjì pẹ̀lú fóònù. Bí iyè méjì bá mú yín lọ́jà, ẹ wò ó.

Ìgbésẹ̀ keje: Ní ọjà

Ẹ jẹun kí ẹ tó lọ. Ìyà ebi lọ́jà máa ń hàn nínú àpò.

Ṣọ́ọ̀bù ńlá kò to ọjà sórí pẹpẹ bó ṣe bọ́ sí i. Ohun tí wọ́n fẹ́ kí ẹ gbé ni wọ́n ń tò síbi tí ojú yín gùn dé, ti ọmọdé sì wà níbi tí ojú ọmọ gùn dé. Ẹ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ wo pẹpẹ ìsàlẹ̀, kí ẹ tún gbójú sókè. Ibẹ̀ ni èyí tó dínwó máa ń wà nígbà púpọ̀. Àní kẹ̀kẹ́ tí a ń tì kó ọjà pàápàá ní ìtàn. Lọ́dún 1937, ní Oklahoma City lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, oníṣòwò kan tó ń jẹ́ Sylvan Goldman gbé e jáde, nítorí ó rí i pé bí apẹ̀rẹ̀ ọwọ́ oníbàárà bá ti wúwo, oníbàárà á ṣíwọ́ rírà. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí lísìtì yín bá kéré, apẹ̀rẹ̀ ọwọ́ ni kí ẹ gbé. Kí ó wúwo yín lọ́wọ́.

Ìṣirò kan wà tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń ra ọjà mọ̀ dunjú: iye owó pín sí ìwọ̀n. Ọ̀rá kan jẹ́ 900 fún gíráàmù 600, òmíràn jẹ́ 1,400 fún kílò kan. Ẹ fi 600 pín 900, ó jẹ́ 1.5 fún gíráàmù kan. Ẹ fi 1,000 pín 1,400, ó jẹ́ 1.4. Èyí tó tóbi ló dínwó. Ṣùgbọ́n kì í fìgbà gbogbo rí bẹ́ẹ̀. Bí lítà 5 bá jẹ́ 5,500, tí lítà kan sì jẹ́ 1,050, kéékèèké márùn-ún yóò ná yín ní 5,250. Ẹni tó gbà pé ńlá ló máa ń dínwó ní gbogbo ìgbà yóò pàdánù 250 láì mọ̀. Fóònù wà lọ́wọ́ yín, ẹ pín in. Ẹ sì máa wo ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára ọ̀rá, kì í ṣe bí ọ̀rá ṣe tóbi tó: ilé iṣẹ́ lè fi iye owó àti páálí sílẹ̀ bó ṣe wà, kí wọ́n dín ohun tó wà nínú rẹ̀ kù.

Ní ti "ra méjì, gba ẹ̀kẹta lọ́fẹ̀ẹ́," ẹ lọ wo ìwé ìwọ̀n ilé yín. Bí ẹ ó bá lo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kó tó bàjẹ́, ẹ rà á. Bí ẹ̀kẹta yóò bá bàjẹ́, kò sí ọ̀fẹ́ kankan níbẹ̀. Ẹ̀dínwó lórí ohun tí kò sí nínú lísìtì ṣì jẹ́ owó tó jáde.

Ṣé ó yẹ kí ẹ máa ti ọjà kan bọ́ sí òmíràn nítorí owó tó dínwó? Ẹ ṣírò owó ọkọ̀ àti wákàtí kún un. Ibi méjì ti tó: ọ̀kan fún ohun tó ń pẹ́, ọ̀kan fún ohun tútù. Ibi tí wọ́n bá ti ń nájà, ẹ mọ iye tí ẹ rà á gbẹ̀yìn kí ẹ tó dá ọlọ́jà lóhùn, kí ẹ sì ra ọ̀pọ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan dípò díẹ̀díẹ̀ lọ́wọ́ ẹni márùn-ún, torí oníbàárà tó ń padà wá ni wọ́n ń fún ní ojúlówó. Bí orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ẹ ti ń rà á, àǹfààní ńlá tó wà níbẹ̀ ni pé ẹ ó rí àpapọ̀ owó kí ẹ tó san án, ẹ sì lè yọ ohun tó pọ̀ jù kúrò. Ẹ kàn ṣọ́ owó ìgbéwá, kí ẹ má sì fi ohun tí ẹ kò nílò kún un kìkì kí ẹ lè dé iye tí wọ́n á fi gbé e wá lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹran, ẹja, wàrà àti ohun dídì ni kí ẹ mú gbẹ̀yìn. Wọn kò gbọdọ̀ pẹ́ ju wákàtí méjì lọ níta fíríìjì. Bí ooru bá ju dígíìrì 32 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius, wákàtí kan péré ni.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ìdajì wákàtí àkọ́kọ́ tí ẹ bá délé

Ibí yìí ni owó tí ẹ ti tọ́jú lọ́jà yóò ti dúró tàbí kó lọ. Ẹ má kó àpò sílẹ̀ kí ẹ lọ jókòó.

Fíríìjì gbọ́dọ̀ wà ní dígíìrì 4 tàbí kó dín sí i, fírísà ní 18 ní ìsàlẹ̀ òdo. Ẹran lílọ̀, adìyẹ tútù àti ẹja kò ju ọjọ́ kan sí méjì lọ nínú fíríìjì. Ẹran tí wọ́n gé tóbi lè lo ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún. Oúnjẹ sísè, mẹ́ta sí mẹ́rin. Èyí tí ẹ kò ní jẹ láàárín ìgbà yẹn, ẹ pín in sí ìwọ̀n sísè ẹ̀ẹ̀kan, ẹ dì í sínú ọ̀rá, ẹ tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ kí ó lè tètè dì, kó sì tètè yọ́, ẹ kọ orúkọ àti ọjọ́ sí i lára, kí ẹ gbé e sí fírísà. Inú fíríìjì ni kí ẹ ti yọ́ ọ, ẹ má gbé e sórí tábìlì. Ẹran tútù máa ń wà ní pẹpẹ ìsàlẹ̀ pátápátá, kí omi rẹ̀ má baà kán sórí ohun tí a kò ní sè. Bí iná bá lọ, ẹ má ṣe máa ṣí ilẹ̀kùn: fíríìjì tí a kò ṣí lè tutù fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin, fírísà tó kún fún wákàtí 48, èyí tó kún dé ìdajì fún 24.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ápù àti tòmátì tó pọ́n máa ń tú afẹ́fẹ́ kan jáde tí wọ́n ń pè ní ethylene, òun ló ń mú kí èso àti ẹ̀fọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn tètè pọ́n, kí wọ́n sì tètè bàjẹ́. Ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ má kó pòtétò àti àlùbọ́sà pọ̀. Kí àwọn méjèèjì wà níbi tó tutù, tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́, kí pòtétò sì wà nínú òkùnkùn kó má baà di àwọ̀ ewé. Búrẹ́dì inú fíríìjì máa ń tètè gan. Bí ẹ kò bá ní jẹ ẹ́ tán, inú fírísà ni kó wà. Òróró kò fẹ́ ooru, kò sì fẹ́ ìmọ́lẹ̀, ẹ gbé e kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìdáná. Ìyẹ̀fun àti ẹ̀wà tuntun, bí àyè bá wà, ẹ fi wọ́n sí fírísà fún ọjọ́ mẹ́rin kí kòkòrò àti ẹyin rẹ̀ lè kú, kí ẹ tó dà wọ́n sínú ike tó dé pinpin. Ohun tuntun lọ sẹ́yìn, èyí tó ti wà ń bọ̀ níwájú.

Ní ìparí oṣù

Ẹ fi ìwé kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí ẹ ń da ilẹ̀ sí. Gbogbo oúnjẹ tí ẹ bá dà nù, ẹ kọ orúkọ rẹ̀, iye rẹ̀ àti ìdí: ó rọ, a gbàgbé rẹ̀, a sè é pọ̀ jù, ọmọ kò jẹ ẹ́. Ní ìparí oṣù, ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ìwé ìwọ̀n ilé, kí ẹ sì jókòó tì í pẹ̀lú ẹni tí ẹ jọ ń dáná. Ohun tó bá wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ fojú sí i. Èyí tó bá wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ìdajì rẹ̀ ni kí ẹ máa rà láti oṣù tó ń bọ̀. Èyí tó bá wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú lísìtì, kí ẹ má sì rà á mọ́ àfi lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ sè é. Bí ìdí bá sì jẹ́ pé ẹ sè é pọ̀ jù, ìkòkò ni kí ẹ dín kù, ẹ fi ọjà sílẹ̀ bó ṣe wà títí ẹ ó fi mọ ìwọ̀n tuntun.